Ṣé Nutella láràárọ̀ dára fún ọmọ ọdún 5?

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. London la wà. Láti ìgbà tí màmá ọkọ mi ti dé láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fi Nutella, ṣokoléètì inú ìgò tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì yẹn, pa búrẹ́dì fún ọmọ mi láràárọ̀, wọn kì í sì í pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́! Wọ́n ní ẹ̀pà àti mílíìkì wà nínú ẹ̀, kí ni mo tún ń fẹ́?

Mo bá yí ìgò náà wò. Ṣúgà ló ṣáájú, epo ọ̀pẹ tẹ̀lé e. Nínú giráàmù 100, ṣúgà lé ní 56. Hazelnut tí màmá ń pè ní ẹ̀pà kò ju 13 lọ. Tí giráàmù 15 bá wà lórí ègé búrẹ́dì kan, ègé méjì ti tó ṣúgà giráàmù 17. Bẹ́ẹ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ní kí ṣúgà àfikún ọmọ ọdún 4 sí 6 má ju giráàmù 19 lọ lóòjọ́.

Tí mo bá gbé e pamọ́, ẹkún ni. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò burú? Àbí kí n fi ẹ̀pà lílọ̀ tí ò ní ṣúgà rọ́pò ẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún màmá tí kò ní dà bíi pé mò ń rí wọn fín?