Ṣé ó tọ́ kí n máa wo ibi tí fóònù àwọn rider mi wà?

Ìyá Dispatch:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀kadà dispatch mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà níbí. Ẹrù àwọn aláṣọ àti àwọn tó ń se oúnjẹ tà là ń gbé kiri Ìbàdàn. Àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n gbádùn: "Màmá, ọmọ yín dà?" Tí mo bá pe rider, á ní òun ti dé Ìwó Road. Ìwó Road ọ̀hún lè jẹ́ Ìwó Road lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ìdí àmàlà ní Àpáta.

Bọ̀dá kan wá ní òun lè fi nọ́ńbà fóònù nìkan mọ ibi tí olúwarẹ̀ wà, pé kí n ṣáà máa san owó lóṣooṣù. Ẹlòmíì ní kí n tan location sórí fóònù àwọn ọmọ náà, kí n máa wò ó lórí tèmi. Mo sọ ọ́ fún wọn. Méjì nínú wọn dákẹ́. Èyí tó dàgbà jù ló fèsì: "Màmá, ọ̀kadà yín ni, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tó wà. Ṣé ẹ tún fẹ́ mọ ibi tí mo sùn ni?" N ò lè dá a lóhùn. Síbẹ̀, owó ọ̀kadà lónìí kì í ṣe owó ẹ̀pà. Kí ni mo lè ṣe tó máa ṣiṣẹ́, tí wọn ò sì ní máa rò pé mò ń ṣọ́ wọn bí olè?

Onímáàsì Tẹ́lẹ̀:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìdí máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹ má fún bọ̀dá yẹn ní kọ́bọ̀. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló mọ máàsì tí fóònù so mọ́, wọn kì í sì í tò ó síta fún ẹni tó bá ṣáà ti ní nọ́ńbà lọ́wọ́.

Kódà ká ní wọ́n fún un, kí ló fẹ́ fi ṣe? Lórí 2G, àkókò tí àmì rédíò fóònù fi dé máàsì ni wọ́n fi ń díwọ̀n bó ṣe jìnnà tó, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi mítà 550. Ní Dùgbẹ̀ tí máàsì pọ̀ sí, ẹ lè mọ àdúgbò. Lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, tí máàsì jìnnà síra, ó lè ṣì í ní kìlómítà mélòó kan. Kò lè sọ fún yín bóyá ìdí àmàlà ló wà.

GPS ló lè mọ ìyẹn. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ wà lókè réré, ó lé ní 20,000 kìlómítà. Fóònù á gbọ́ ti mẹ́rin ó kéré tán, á wá fi ṣírò ibi tóun wà. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́ o! Sátẹ́láìtì ò mọ̀ pé fóònù yín wà láyé. Áàpù inú fóònù ló ń fi dátà gbé e jáde fún ẹlòmíì. Níta gbangba, kì í sábà ṣì ju nǹkan bíi mítà 5 lọ, àmọ́ tí rider bá wọ àárín ilé gíga, ó lè fi í sí òpópónà kejì. Tí dátà bá tán, tàbí tí fóònù bá pa áàpù kí bátìrì lè pẹ́, ojú kan náà lẹ máa rí i lórí máàpù. Ẹ má tìtorí ìyẹn bá ọmọ ọlọ́mọ jà.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi fóònù wọn sílẹ̀. Ẹ ra tracker, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ibi tí ọ̀kadà wà, èyí tó ní SIM tirẹ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọ̀kadà. Ní ti oníbàárà, kí rider fi Live Location WhatsApp ránṣẹ́ sí i tààrà: ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí 8 ló wà níbẹ̀. Tí àkókò bá pé, á pa ara rẹ̀.

Rider Ìkòròdú:
Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó máa ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday: "Kí lò ń ṣe ní Ìkòròdú?" Ilé ìyá mi ni Ìkòròdú o! Ìdí tí mo fi kúrò nìyẹn, kì í ṣe owó oṣù.

Màmá, Live Location ń jẹ bátìrì gan-an. Ẹ ra power bank fún wọn, kẹ́ ẹ sì máa ra dátà. Ẹ má ní kí èèyàn máa fi dátà ara rẹ̀ ṣọ́ ara rẹ̀.

Lọ́yà Abẹ́ Igi:
Òfin wà fún èyí: Nigeria Data Protection Act, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023. Ó dárúkọ ibi tí èèyàn wà mọ́ ohun tó lè tọ́ka sí olúwarẹ̀. Torí náà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa kó jọ fún wọn, ìdí rẹ̀, àti ìgbà tẹ́ ẹ máa pa á rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá kọ "Rider 2" dípò orúkọ, ó ti bò. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí yẹ ìrìn fóònù mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ èèyàn wò: ibi mẹ́rin péré, pẹ̀lú àkókò, ti tó láti yọ èèyàn 95 nínú 100 sọ́tọ̀.

Ìyá Dispatch:
Ẹ ṣé gan-an, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ibi kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Ọ̀kadà méjì ń sùn ní ọ́fíìsì, àmọ́ èyí tó fèsì yẹn ń gbé tiẹ̀ lọ sílé, torí òun ló ń pín oúnjẹ àárọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tracker á ṣáà fi ilé rẹ̀ hàn mí. Màá bi í léèrè. Tó bá ní òun ò fẹ́, kó máa gbé ọ̀kadà sí ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, màá fún un lówó Micra. Irú tracker wo ni kì í fa bátìrì ọ̀kadà gbẹ?

Onímáàsì Tẹ́lẹ̀:
Ẹ bèèrè èyí tó máa ń sùn tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, tó sì ní bátìrì kékeré tirẹ̀ nínú, kí olè má kàn gé wáyà kó parí. Ẹ jẹ́ kí rẹwáyà so ó, kì í ṣe mẹkáníìkì. SIM inú rẹ̀, NIN yín ni kẹ́ ẹ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.