Oríkì ọdún mẹ́rin tó pòórá lọ́wọ́ mi

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Láti 2015 ni mo ti ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní Ọ̀ffà àti Ẹrin-Ilé. Màá fi fóònù gba ohùn wọn, màá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá wá gbé e sórí búlọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ kan. Mi ò san kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun a máa kọ̀wé sí mi pé ibẹ̀ làwọn ti kọ́kọ́ ka oríkì bàbá àwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2019, mo bá a ní títì. Ilé-iṣẹ́ tó ni búlọ́ọ̀gù náà ní mo rú òfin. Òfin wo? Wọn ò sọ. Ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ibẹ̀, kì í ṣe èèyàn. Oríkì ogún ni mo gbé wọlé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì gbà pé ìyẹn ló jẹ́ kó kà mí mọ́ àwọn onípolówó jìbìtì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ̀wé bẹ̀ wọ́n. Kò sí nọ́ńbà tí mo lè pè, kò sí ọ́fíìsì tí mo lè wọkọ̀ lọ. Fóònù tí mo fi gba ohùn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ìyá tó ki Ìyẹ̀rú Ọ̀kín fún mi láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, òun náà ti lọ.

Mọ́kànlá péré ni mo rí kó padà, lórí Wayback Machine tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé àtijọ́.

Ọmọ Alfa, Pákátà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Tiwa ò parẹ́, àmọ́ ojú tì mí. Wáàsí bàbá mi ni mò ń kọ sórí búlọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ tiwa. Nínú oṣù àwẹ̀ kan ni ẹnìkan pè wọ́n pé ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ tafsir wọn. Èmi ò rí i rí, torí mo máa ń wọlé bí onílé. Àlejò nìkan ló ń rí i. Kọ́bọ̀ ò kàn wá nínú owó ìpolówó náà, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni búlọ́ọ̀gù ò ní yọ ọ́ àfi tá a bá ń sanwó.

Aláṣọ Òkè:
Àdírẹ́sì búlọ́ọ̀gù ọ̀fẹ́ mi, èyí gígùn tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn nínú, ni mo tẹ̀ sára ọ̀rá 500. Nígbà tí mo kó kúrò, àwọn oníbàárà ṣì ń lọ síbẹ̀.

Ẹni Òmù-Àrán:
Àwọn ńlá náà ń kógbá sílé. Yahoo ra GeoCities, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣe ojú ewé tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, ní 1999, ó tì í pa ní 2009, pẹ̀lú gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí ọ̀fẹ́, ẹ wọ Settings lálẹ́ òní, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Export tàbí Back up sí, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà tiyín sọ́wọ́.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ ṣé gan-an. Ọmọbìnrin ìyá yẹn wà ní Ẹrin-Ilé, wọ́n ní òun náà ń ki oríkì. Mò ń lọ bá a ní Sátidé. Inú ìwé ni màá kọ́kọ́ kọ ọ́ sí.