Mọ́tò tó bá ń gbọ̀n lórí slow, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lórí Camry Orobo 1993 mi n'Íbàdàn. Tí mo bá ti dúró nínú gósílòó Mọ́kọ́lá báyìí, jíà wà ní D, ẹsẹ̀ wà lórí búréèkì, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, dígí tí mo fi ń wẹ̀yìn á máa mì débi pé mi ò ní lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Tí mo bá wá tan éésì, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì á já sí 500, ọkọ̀ á fẹ́ kú. Àmọ́ tí mo bá ti tẹná báyìí, gbogbo ẹ̀ á lọ, á máa sáré wẹ́rẹ́.

Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ ní engine seat, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ti já. Ọ̀kan já lóòótọ́, mo ra tòkunbọ̀ ní Gate, gbígbọ̀n yẹn dín kù díẹ̀ àmọ́ kò lọ. Èkejì ní púlọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàbó. Rewire, ìyẹn oníná ọkọ̀, wá ní brainbox tó ń darí ẹ́ńjìnnì ni, kí n lọ wá owó, mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, ó ní ọkọ̀ yìí ti pẹ́ jù, scanner tí wọ́n fi ń wo àìsàn ọkọ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí ẹni tí ò tíì yẹ nǹkan wò ló fẹ́ kí n náwó.

Bàbá kan ládùúgbò wa ló yanjú ẹ̀. Bàbá ní kí n tan ọkọ̀ kó gbóná dáadáa, wọ́n wá fi puláyà tó ní rọ́bà lọ́wọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, wọ́n á dá a padà, wọ́n á yọ òmíì. Wọ́n ní, "Ṣó o gbọ́ ọ? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tá a bá yọ tí ohùn ẹ̀ ò yí padà, ibẹ̀ ni wàhálà wà."

Wọ́n wá ṣí àpótí kékeré kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lára, wọ́n fi wáyà tín-ín-rín so ihò TE1 mọ́ E1, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ sí on láì sítáàtì. Iná check engine bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú bákan náà láì sinmi. Bàbá ní bó ṣe ń ṣe yẹn, brainbox ò ní ẹ̀sùn kankan lọ́kàn, ká ní ó ní ni, á ṣẹ́jú, á dúró, á tún ṣẹ́jú, bí ẹni ń ka nọ́ńbà fúnni. Ọkọ̀ tí wọ́n ní scanner ò lè wọ̀ mà rèé o, tó ń fi iná sọ tẹnu ẹ̀!

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú throttle body, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Valve kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì láfẹ́fẹ́ nígbà tẹ́sẹ̀ ò bá sí lórí ìtẹ̀ná, ihò ẹ̀ ti dí, ìdọ̀tí dúdú ti gan mọ́ ọn bí ọ̀dà. Agolo carb cleaner kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó parí. Abẹ́rẹ́ dúró gbọn-in lórí 750, nígbà tí mo sì tún dé Mọ́kọ́lá, mo ka nọ́ńbà ẹni tó wà lẹ́yìn mi ketekete.

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Tèmi jọ ọ́ àmọ́ kò rí bákan náà. Corolla 2004 ni, l'Ékòó níbí, scanner gbé P0171 jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Rewire ní oxygen sensor ni, mo ti ń múra àtilọ rà á lọ́jà Ládípọ̀. Kí n tó lọ ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì dúdú ńlá tó gbé afẹ́fẹ́ láti ilé fítà lọ sí throttle, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ni ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà! Ó ti ya lábẹ́, láàárín ibi tó ti ṣẹ́ po, ojú ò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé lẹ́yìn sensor tó ń wọ̀n ọ́n, brainbox ò mọ̀ pé ó wọlé, kò sì lè fi epo tó yẹ kún un. Họ́ọ̀sì nìkan ni mo rà.

———

Ẹ ṣeun gan-an. Camry Big Daddy 2005 ọkọ mi náà gbọ̀n títí, P0303 ló ń gbé jáde, ìyẹn ni pé sílíńdà kẹta ò jóná dáadáa, wọ́n sì fẹ́ ká ra coil tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé coil ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta sórí àkọ́kọ́, kí ti àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bá a ṣe tan án padà, ó di P0301, ti sílíńdà àkọ́kọ́, coil yẹn ti gbé ẹjọ́ ẹ̀ dání lọ, ẹyọ kan la rà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n Orobo, ṣé bàbá yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Orobo bùrọ̀dá mi wà ní Bódìjà, oṣù kẹta rèé tó ti ń gbọ̀n.