Orogún tàbí ọ̀tá? Èsì lórí orúkọ tí a ó fún ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè fi dúró fún ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní rivalry, ìyẹn ìfigagbága tí kì í tán tó wà láàárín yunifásítì Michigan àti Ohio State, tàbí láàárín Alabama àti Auburn, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń gbé lọ́wọ́ sáré ju bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ gbá a lọ. Èsì mẹ́ta ló wọlé. Ẹnì kan ní kí a lo “ìdíje”, ẹnì kejì ní “ọ̀tá àtayébáyé”, ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn sì dá “orogún” lábàá, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ṣàlàyé ara rẹ̀ tán tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń gbé ní Columbus, olú ìlú ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí Ohio State wà. Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n wa ló jàre, mo sì fẹ́ parí àlàyé tí wọn kò jẹ́ kó parí.

“Ìdíje” kò burú, àmọ́ ìdíje a máa ní òpin. Fèrè á dún, ẹni tó borí á gba ife ẹ̀yẹ, kóówá á gba ilé rẹ̀ lọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé láti ìparí oṣù Kẹjọ ni Ohio State ń bá àwọn yunifásítì mìíràn díje, kò sì sí ẹni tó ń pàdánù oorun nítorí rẹ̀. Ohun tó wà láàárín òun àti Michigan bẹ̀rẹ̀ ní 1897, kò sì sí oṣù kan nínú ọdún tí ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ní ilé ìgẹrun, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìsìnkú. Orúkọ eré ọjọ́ kan kò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ti “ọ̀tá”, mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni a ti lè ṣi àwọn òǹkàwé wa lọ́nà. Ọ̀tá ẹni ni ẹni tí à ń gbàdúrà pé kó kúrò lọ́nà wa. Láti 1918 títí di 2019, kò sí ọdún kan tí yunifásítì méjèèjì yìí kò pàdé. Nígbà tí àrùn kòrónà fagi lé eré náà ní 2020, ó yẹ kí inú àwọn ará Columbus dùn bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá ni Michigan jẹ́ fún wọn, nítorí ọ̀tá kò lè wá mọ́. Mo rí aládùúgbò mi kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá tó ti lé ní 70 ọdún, tó wọ aṣọ pupa ikọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nínú òtútù, tó ń wo títì tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọ̀tá bá kùnà láti wá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Alabama, nítorí pé níbẹ̀ ni “orogún” ti bá ọ̀rọ̀ náà mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu. Yunifásítì méjì tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ń ná owó lé lórí ni wọ́n, ọ̀kan ní Tuscaloosa, èkejì ní ìlú Auburn. Birmingham ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ní 1893. Lẹ́yìn tí wọ́n ta ọ̀mì 6 sí 6 ní 1907, wọn kò lè fẹnu kò lórí iye owó oúnjẹ àti ibùsùn tí wọn yóò máa san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti lórí ibi tí wọn yóò ti máa mú adarí eré wá. Owó oúnjẹ, ẹ gbọ́! Ẹni tó bá dàgbà ní agbo ilé tí ìyàwó ti ju ọ̀kan lọ mọ ohun tí owó ọbẹ̀ lè dá sílẹ̀. Ọdún 41 ni wọ́n fi kẹ̀yìn síra wọn, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àpò kan náà, tí wọn kò sì kí ara wọn lórí pápá. Ní 1947, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dá sí i, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì tún máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1948, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjèèjì gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Birmingham, wọ́n sì sin àáké sínú rẹ̀ láti fi hàn pé ìjà ti parí. Alabama fi 55 sí òdo na Auburn lọ́jọ́ náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Auburn borí pẹ̀lú 14 sí 13. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà tí a ó fi na ìyàwó.

Ẹni tó dábàá “ọ̀tá” kọ ọ́ pé àwọn ará Alabama ti ṣe ohun tó ju ti orogún lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ igi óákù méjì tó wà ní ìkóríta Toomer’s Corner ní ìlú Auburn wá. Òótọ́ ni. Abẹ́ igi wọ̀nyí ni àwọn ará Auburn máa ń kóra jọ sí bí wọ́n bá borí, tí wọn yóò máa ju tíṣù sókè títí ẹ̀ka igi yóò fi funfun báláú. Lẹ́yìn eré 2010, alátìlẹ́yìn Alabama kan lọ da oògùn apawé sí ìdí wọn, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́ lórí rédíò. Àwọn igi náà kú, wọ́n gé wọn ní 2013. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn àwọn ìyá wa, ilé ta ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má ṣe jẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún un? Májèlé kò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ti orogún. Ẹ tún rántí apá kejì: àwọn alátìlẹ́yìn Alabama mìíràn dá owó jọ láti fi tọ́jú igi Auburn, nítorí ojú tì wọ́n. Ọ̀tá kì í dá owó ìtọ́jú fún ọ̀tá. Ìyálé lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìyàwó, ilé ni wọ́n jọ ń gbé.

Arábìnrin wa tó kọ̀wé láti London ní ọ̀rọ̀ náà ń kan obìnrin lábùkù, pé bí a bá lò ó fún ìjà àti ariwo, ṣe la ó máa sọ pé obìnrin ló ni owú. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn gidigidi. Ìyàwó kejì ni ìyá tó bí mi. Orogún rẹ̀ ló pọ̀n mí lọ sí ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí ibà fẹ́ gbé mi lọ, òun náà ló sì ń fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ bá ti ìyá mi figa gbága ní gbogbo ọjọ́ ọdún, tí àwọn méjèèjì fi di ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọbẹ̀. Lójú mi, “orogún” kò túmọ̀ sí ìjà nìkan. Ó túmọ̀ sí ẹni tí a kò lè ṣàì máa fi ara wa wé, tó sì ń mú ká dára sí i, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Bí a bá lò ó níbi tí ó ti ní ọlá, bóyá a ó tún dá iyì rẹ̀ padà.

Ẹlòmíràn béèrè pé bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá jẹ́ ọkọ fún Alabama àti Auburn, ta ni ọkọ Ohio State àti Michigan, tí wọ́n wà ní ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ilé tí wọ́n jọ wà ni Big Ten, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Títí di àárín àwọn ọdún 1970, ikọ̀ kan ṣoṣo ló lè ti inú ẹgbẹ́ yìí jáde lọ síbi eré ọdún tuntun ní California, èyí tí wọ́n ń pè ní Rose Bowl. Ìyàwó méjì, àga kan. Ní 1973, wọ́n ta ọ̀mì 10 sí 10, àwọn alákòóso wá dìbò, wọ́n sì yan Ohio State. Inú Bo Schembechler, akọ́nimọ̀ọ́gbá Michigan, kò dùn sí i títí ó fi kú ní 2006. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ Woody Hayes, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State, ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Láàárín 1969 sí 1978 tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ fi kojú ara wọn, Michigan borí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, Ohio ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ọ̀mì náà ló ṣìkẹwàá.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n béèrè, ìyẹn ohun tí a ó pe orúkọ tí àwọn ará Ohio fi rọ́pò Michigan. Hayes ló gbé àṣà kan kalẹ̀ pé kí a má ṣe pe orúkọ Michigan, “ẹgbẹ́ òkè yẹn” ni wọ́n ń pè é títí dòní, nítorí àríwá Ohio ni Michigan wà. Ẹnì kan pè é ní “ìnagijẹ”. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìnagijẹ ni orúkọ tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ tàbí tí a fi ń yin ẹni. Ohun tí àwọn ará Ohio ń ṣe ni àdàpè, bí ìyàwó ilé kì í ti í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí a sọ ọ́. Nínú ọ̀sẹ̀ eré náà, wọ́n a máa fi tépù pupa pa gbogbo lẹ́tà M rẹ́ nínú ọgbà yunifásítì. Mo dúró wo ọmọbìnrin kan tó gun àga níwájú pátákó tí wọ́n kọ “museum” sí. Ó fi eyín gé tépù, ó lẹ ẹ́ ní ìbú, ó tún lẹ òmíràn kọjá lórí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sún àga sí apá ọ̀tún, ó tún gùn ún nítorí M kejì. Èèwọ̀ ni a ń pè irú èyí. Kí a má ṣe pè é ní “ìṣẹ̀ṣe” bí ẹnì kan ti dábàá, nítorí ìṣẹ̀ṣe ní ẹni tí ó ni ín, ó sì jinlẹ̀ ju àṣà yunifásítì lọ.

“Ife ẹ̀yẹ” náà kò tó fún ohun tí ẹni tó borí ń gbé lọ nínú irú eré yìí. Ní 1903, Michigan àti Minnesota ta ọ̀mì 6 sí 6, Michigan sì gbàgbé jọ́ọ̀gì amọ̀ tí wọ́n fi ń mu omi sẹ́yìn. Minnesota kò dá a padà, láti ìgbà náà sì ni ẹni tó bá borí ti ń gbé jọ́ọ̀gì náà lọ sílé. Minnesota àti Wisconsin ń gba àáké lọ́wọ́ ara wọn. Olóòtú eré kọ́ ló fúnni ní nǹkan wọ̀nyí, ọwọ́ orogún ni a ti já a gbà. “Ìkógun” ni mo máa ń kọ.

Mo gbà pé “orogún” kò bo gbogbo rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ojú omi tí wọ́n ti ń pàdé láti 1890 máa ń dúró pọ̀ lẹ́yìn eré, wọn a kọ orin ẹni tó pàdánù ṣáájú, kí wọ́n tó kọ ti ẹni tó borí. Ọmọ ìyá ni àwọn yẹn.

Fún àwọn yòókù, mo dábàá “ẹgbẹ́ orogún”, “eré orogún” àti “ẹ̀mí orogún”, tí kò nílò àfòmọ́ tuntun kankan. Ẹ bá mi ka gbólóhùn yìí sókè, kí ẹ fi “ọ̀tá” tàbí “abánidíje” rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì sọ èyí tí etí yín gbà: Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2022, Olusegun Oluwatimi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Michigan wá sí Columbus, wọ́n fi 45 sí 23 na orogún wọn mọ́lé.