Ìjà idà, ijó àti òjò inú sinimá Hollywood ayé àtijọ́: kí lojú yín ti rí?

Àkànjí Ọlọ́fà
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí sinimá Hollywood ayé àtijọ́ ti wọ̀ lára, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí nínú wọn àti bí wọ́n ṣe ṣe é. Mi ò bèèrè ìtàn, gbogbo wa la mọ̀ pé Robin ló máa fẹ́ Marian. Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ni mò ń bèèrè. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí idà: nínú ìjà tó kẹ́yìn nínú The Adventures of Robin Hood (1938), láàárín Errol Flynn àti Basil Rathbone, ta ló mọ idà lò jù?

Ìyá Tóyìn
Rathbone. Ẹ lọ sùn.

Láìsí Gúgúrú
Ìyá Tóyìn ti sọ ọ́. Rathbone ló mọ̀ ọ́n lò, òun náà ló sì ń kú ṣáá! Flynn pa á nínú Captain Blood (1935), ó tún pa á nínú Robin Hood, Tyrone Power náà tún wá pa á nínú The Mark of Zorro (1940).

Fred Cavens, ará Bẹ́ljíọ̀m, ni ọ̀gá idà nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹ fi ojú sí ọwọ́ wọn. Nínú ìjà idà gidi, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, idà kì í rìn jìnnà, kí o tó ṣẹ́jú ó ti parí. Ẹni tó sanwó wọ sinimá kò ní rí nǹkan kan. Cavens wá fẹ ìṣe náà lójú: idà á gòkè kọjá orí, á fì sọ̀ kalẹ̀ títí dé orúnkún, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè mọ ẹni tó gbá àti ẹni tó gbà á. Wọ́n á gé ìjà náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, òṣèré á há a sórí, wọ́n á ṣe é jẹ́jẹ́ títí ara á fi mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fi eré sí i. Ìgbà tí ẹnì kan bá gbàgbé nọ́ńbà kan ló ń di wàhálà, torí idà á ti dé ibi tí ẹnìkejì kò ti retí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa ẹnu idà, tí wọn kì í sì í fi sọ ojú.

Tàfá Mushin
Ìjà yẹn yá jù fún ènìyàn. Wọ́n fọwọ́ kan kámẹ́rà yẹn, ẹ má tàn wá.

Láìsí Gúgúrú
@Tàfá, o jẹ̀bi díẹ̀, o jàre díẹ̀. Àwòrán 24 ni ẹ̀rọ sinimá ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá dín eré kámẹ́rà kù sí 20 nígbà tí wọ́n ń ya ìjà, tí wọ́n wá fi 24 hàn án, ìṣe wọn á fi ìdá kan nínú márùn-ún yá sí i. Ọgbọ́n yìí wọ́pọ̀ nínú fíìmù oníidà. Bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n: má wo idà, wo etí aṣọ, wo irun, wo iná ògùṣọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn. Bí iná bá ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, wọ́n ti dín in nìyẹn. Ṣùgbọ́n wo Scaramouche (1952), Stewart Granger àti Mel Ferrer nínú gbọ̀ngàn tíátà. Ìjà náà lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n gun orí bákónì àti ẹ̀yìn àga, wọ́n sì gba ẹ̀yìn ìtàgé. O rí bí ìrìn wọn ṣe rí bí ìrìn ènìyàn. Jean Heremans ló kọ́ wọn, kì í ṣe Cavens. Ferrer ti jó ijó rí kó tó di òṣèré fíìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Àkànjí Ọlọ́fà
Mo dúpẹ́ o. Ọfà ńkọ́? Mi ò gbàgbọ́ pé wọ́n ta ọfà gidi lu ènìyàn.

Bọ̀dé Kàkàkí
Gbàgbọ́. Howard Hill, tafàtafà tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ nígbà náà, ló ń ta á. Àwọn tí ọfà máa bà wọ irin pẹlẹbẹ sábẹ́ aṣọ, wọ́n sì fi igi balsa lé orí irin náà. Igi yẹn rọ̀, ọfà á wọ inú rẹ̀, á sì dúró ṣinṣin, irin kò ní jẹ́ kó dé ara. Dọ́là 150 ni wọ́n ń san fún ọfà kan tó bá bà ọ́.

Tàfá Mushin
Dọ́là 150 ní 1938? Níbo ni màá dúró sí?

Ìyá Tóyìn
Ẹ̀yin ń yin iṣẹ́ Michael Curtiz, tó wà lára àwọn tó darí Robin Hood, ṣé ẹ rántí ẹṣin? Nínú The Charge of the Light Brigade (1936) tí òun náà darí, okùn wáyà ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, tó bá ti sáré dé òpin okùn, á fi orí gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kú níbẹ̀. Ẹṣin míì tún kú nínú Jesse James (1939) nígbà tí wọ́n ní kó fò láti orí òkè sínú omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti iṣẹ́ fíìmù. Mi ò lè wo ìran ẹṣin yẹn mọ́ jàre.

Adùnní Oníjó
Ẹ ti sọ ti idà tó. Ijó náà, ìjà idà ni, orin ló kàn wà níbẹ̀.

Ẹ wo Fred Astaire ní ilé iṣẹ́ fíìmù RKO. Láti orí dé ẹsẹ̀ ló máa ń wà nínú àwòrán, kámẹ́rà á kàn máa bá a rìn, òun fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sáré lọ fi ẹsẹ̀ nìkan hàn wá, kí wọ́n tún padà sí ojú. Ohun tó ná wọn ni pé bí ẹsẹ̀ kan bá ṣì, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya òpin "Never Gonna Dance" nínú Swing Time (1936) lé ní ogójì ìgbà, títí ẹsẹ̀ Ginger Rogers fi ṣẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ dídán tí wọ́n ń jó lórí rẹ̀ náà, ìyọnu ni, bàtà kan fà á, ó ti hàn. Páálí ni wọ́n fi ń bò ó títí wọ́n á fi ṣetán láti ya.

Ẹ má sì rò pé ìró bàtà tí ẹ ń gbọ́ ni ìró ọjọ́ náà. Wọ́n á kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀, wọ́n á máa lù ú fún oníjó nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún lọ jó ẹsẹ̀ nìkan níwájú máìkì. Hermes Pan, tó ń bá Astaire to ijó, ló ń jó ìró bàtà ti Ginger nígbà míì.

Gbọ́lá Peckham
Adùnní, èyí tó jó lórí ògiri àti àjà ńkọ́?

Adùnní Oníjó
Royal Wedding (1951). Yàrá náà ló ń yí, Astaire ni kò yí. Wọ́n kọ́ yàrá sínú irin rìbìtì ńlá, wọ́n kan àga àti tábìlì mọ́lẹ̀, wọ́n sì so kámẹ́rà àti ẹni tó ń lò ó mọ́ yàrá náà kí wọ́n lè jọ máa yí. Lójú kámẹ́rà, yàrá dúró, ènìyàn ló ń gun ògiri. Ní tòótọ́, ìsàlẹ̀ ni Astaire wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ìgbà tó bá ń sún láti ilẹ̀ bọ́ sí ògiri, ibẹ̀ ni ìṣòro wà: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá ju yàrá lọ, àṣírí tú.

Tàfá Mushin
Òjò inú Singin' in the Rain (1952), mílíìkì ni wọ́n dà sí i kó lè hàn. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Adùnní Oníjó
Gbogbo ayé gbọ́ irọ́. Omi lásán ni, láti inú páìpù tí wọ́n gbé sókè. Iná ló jẹ́ kó hàn: bí o bá tan iná sí òjò láti iwájú, kò ní hàn, bí o bá gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á máa dán. Wọ́n gbẹ́ ihò sí ojú pépéle kí adágún omi lè wà níbi tí Gene Kelly máa fi ẹsẹ̀ lù, wọ́n sì fi tapólì bo ojú pópó tí wọ́n kọ́ náà kí ọ̀sán lè dà bí òru. Ibà ń ṣe Kelly nígbà tó ń jó o, aṣọ olówùú àgùntàn tó wọ̀ sì ń sún kì torí omi.

Tàfá Mushin
Mo ṣì rò pé mílíìkì ni.

Ìyá Tóyìn
Lọ da mílíìkì sínú omi, kí o wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án gangan, kí o wá sọ bó ṣe ń rùn fún wa.

Gbọ́lá Peckham
Fíìmù yẹn kan náà ló fi wá ṣẹ̀sín jù. Ìtàn rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń yá gbajúmọ̀ kan tí ohùn rẹ̀ burú ní ohùn. Debbie Reynolds ni ọ̀dọ́mọbìnrin, Jean Hagen ni gbajúmọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù náà, Betty Noyes ló kọ orin "Would You?" dípò Debbie, níbi tí Debbie sì ti yẹ kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu yá Hagen ní ohùn, ohùn Hagen fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò. Ó ní ohùn tó dára, ìtàn ló ní kó bà á jẹ́.

Bọ̀dé Kàkàkí
Jìbìtì ni gbogbo rẹ̀. Marni Nixon kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I (1956), ó kọ ọ́ fún Natalie Wood nínú West Side Story (1961), ó tún kọ ọ́ fún Audrey Hepburn nínú My Fair Lady (1964), orúkọ rẹ̀ kò sí lójú fíìmù kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Adùnní Oníjó
Àìkọ orúkọ ni jìbìtì. Ohùn yíyá, iṣẹ́ ni. Nixon jókòó ti Deborah Kerr nígbà ìdánrawò, ó kọ́ bó ṣe ń mí àti bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu lè wọ inú orin láìjẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé hàn. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ bó bá rọrùn. Dooley Wilson tó jẹ́ Sam nínú Casablanca (1942) ńkọ́? Òun ló kọrin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù ni, kò mọ dùùrù tẹ̀. Elliot Carpenter ló ń tẹ̀ ẹ́ nítòsí, níbi tí Wilson ti lè máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣé jìbìtì nìyẹn náà?

Bọ̀dé Kàkàkí
Bẹ́ẹ̀ ni. Jìbìtì tó dùn.

Láìsí Gúgúrú
Nígbà tí a dé Casablanca: ọkọ̀ òfuurufú tó wà lẹ́yìn nínú ìran ìdágbére, pátákó kékeré ni, inú sítúdíò sì ni. Wọ́n fi kùrukùru bò ó, wọ́n sì fi àwọn ènìyàn kúkúrú ṣe òṣìṣẹ́ tó dúró tì í, kí ọkọ̀ náà lè dà bí èyí tó tóbi.

Tàfá Mushin
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Òfin ní ìfẹnukonu kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ṣé irọ́ nìyí náà?

Bọ̀dé Kàkàkí
Kò sí mẹ́ta nínú Production Code, òfin tí Hollywood gbà ní 1930 lórí ohun tí fíìmù lè fi hàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìfẹnukonu àṣejù hàn. Láti 1934, nígbà tí Joseph Breen gba iṣẹ́ mímú òfin náà ṣẹ, ọ́fíìsì rẹ̀ ń ka ìwé eré kí wọ́n tó ya á, wọ́n tún ń wo fíìmù tó ti parí. Fíìmù tí kò bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn kò ní rí sinimá ńlá wọ̀. Ẹnu wọn ni òfin wà, kì í ṣe inú aago.

Tàfá Mushin
Kí ló dé tí Hitchcock fi ń gé e sí wẹ́wẹ́ nínú Notorious (1946) nígbà náà?

Bọ̀dé Kàkàkí
Torí ó mọ̀ wọ́n. Cary Grant àti Ingrid Bergman á fẹnu kan ẹnu, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n á rìn kúrò ní bákónì, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á tún fẹnu kò. Bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ibi kan tí òṣìṣẹ́ Breen lè tọ́ka sí pé "ẹ gé ibí yìí".

Àkànjí Ọlọ́fà
Ọ̀rọ̀ yín ti dùn jù. Bí ènìyàn bá fẹ́ wo Robin Hood lónìí kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde bó ṣe yẹ, kí ni kó ṣe?

Láìsí Gúgúrú
Kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ rí. Kámẹ́rà Technicolor ìgbà náà, fíìmù mẹ́ta ló ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, dúdú àti funfun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Prísímù kan wà lẹ́yìn lẹ́ǹsì tó ń pín ìmọ́lẹ̀: apá kan lọ sí fíìmù tó ń gba àwọ̀ ewé, ìyókù lọ sí fíìmù méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún pupa. Torí pé ó pín ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná rẹpẹtẹ ni wọ́n ní láti tàn, òṣèré á máa làágùn lábẹ́ aṣọ ogun. Sítúdíò kò lè ra kámẹ́rà náà, ńṣe ni wọ́n ń yá a, pẹ̀lú oníkámẹ́rà àti agbaninímọ̀ràn lórí àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ Technicolor ń fi ránṣẹ́.

Bí ọdún ti ń lọ, fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sún kì bákan náà. Bí wọ́n bá wá to wọ́n léra wọn, etí nǹkan á ní ojìji pupa tàbí ewé. Nítorí náà, wá ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò. Robin Hood ti ní tirẹ̀ láti 2003.

Tí o bá wá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, pa ohun tó ń sọ àwòrán di yọ̀tọ̀yọ̀tọ̀. TruMotion ló ń jẹ́ lórí LG, Motionflow lórí Sony. Ó ń fi àwòrán tí kò sí níbẹ̀ há àárín 24 náà, Flynn á wá dà bí ẹni tó ń ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n ọ̀sán.

Gbọ́lá Peckham
Kí wọ́n má sì fà á kún ojú tẹlifíṣọ̀n o! Ìbú rẹ̀ jẹ́ 1.37 sí gíga 1. Bí o bá fà á, gbogbo wọn á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sanra sí i. Jẹ́ kí dúdú wà lọ́tùn-ún lósì.

Ìyá Tóyìn
Ẹnì kan kò tíì dárúkọ ọmọ wa. Orlando Martins, ọmọ Èkó, tí wọ́n bí ní 1899. Ó wà nínú Sanders of the River (1935) pẹ̀lú Paul Robeson, ó wà nínú The Hasty Heart (1949) pẹ̀lú Ronald Reagan àti Patricia Neal.

Bọ̀dé Kàkàkí
Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Hollywood la ń sọ.

Gbọ́lá Peckham
Sítúdíò Elstree ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti ya The Hasty Heart, òótọ́, ṣùgbọ́n Warner, ilé iṣẹ́ Hollywood, ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àwọn ló rán Reagan, Neal àti Vincent Sherman tó darí rẹ̀ wá. Ipa Blossom tí Martins kó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ló ń gbé ìran náà. Sanders ní tirẹ̀, ìyìn ìjọba amúnisìn ni. Robeson fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá.

Ìyá Tóyìn
Wọ́n tún gbé Martins wọ Kongi's Harvest (1970) tí Ossie Davis darí. Bọ̀dé, ṣé ibẹ̀ náà kò kàn wá?

Bọ̀dé Kàkàkí
Mo gbà. 1970 ló ṣì pẹ́ jù fún ohun tí Àkànjí bèèrè.

Àkànjí Ọlọ́fà
Ẹ fi í sílẹ̀, mo fàyè gbà á. Láìsí Gúgúrú, ẹ̀dà Robin Hood tó wà lọ́wọ́ mi kọ ìṣẹ́jú 98 sára, ibòmíì kọ 102. Ṣé wọ́n gé e ni?

Láìsí Gúgúrú
Rárá. DVD Yúróòpù ni. Àwòrán 25 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 24, fíìmù á yá díẹ̀: 102 lọ́nà 24, pín in sí 25, ó kù díẹ̀ kó pé 98. Orin tí Korngold kọ fún fíìmù náà á sì gòkè díẹ̀ ju bó ṣe kọ ọ́ lọ. Wá Blu-ray.

Tàfá Mushin
Òjò yẹn, mílíìkì ni.