Wọ́n pè mí sí íntáfíù ní Stuttgart: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Stuttgart, ní Jámánì níbí, pè mí sí íntáfíù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀. Leipzig ni mo wà, ibẹ̀ ni mo ti ka másítà. Wọ́n ní kí n sọ iye owó tí mo fẹ́ gbà, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Bí mo bá pè é kéré ńkọ́? Bó bá pọ̀ jù ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, kú oríire. Owó ọdún ni wọ́n ń béèrè o, kì í ṣe ti oṣù, kí owó orí àti ìbánigbófò tó kúrò níbẹ̀. Brutto ni wọ́n ń pè é. Wádìí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ rẹ ní Stuttgart gan-an, torí ilé gbígbà ibẹ̀ wọ́n ju ti Leipzig lọ. Dá iye kan pàtó. Má sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún ẹ lo máa gbà. Bí wọ́n bá sì bi ẹ́ bóyá o lóyún, òfin ò fún wọn láyè.

Bọ̀dá Hamburg: Ojú ni kó o múra sí. Nílé wa, ọmọ tó ń tẹjú mọ́ àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Níbí, bí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀ tó o wolẹ̀, á ní o ń fi nǹkan pa mọ́. Ọwọ́ kan ni kó o fi bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kó dúró dáadáa, má sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni (mo mọ ohun tí mò ń sọ). "Herr" (Ọ̀gbẹ́ni) tàbí "Frau" (Ìyáàfin) pẹ̀lú orúkọ ìdílé ni kó o fi pè wọ́n, kó o sì máa lo "Sie" ("ẹ" ti ọ̀wọ̀) títí tí àwọn fúnra wọn á fi ní kí ẹ máa lo "du" ("o"). Bí àlàfo bá wà nínú Lebenslauf rẹ (ìwé CV rẹ), wọ́n á béèrè.

Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ̀ ojú irin ìdájí tí mo rí máa gúnlẹ̀ ní 9:20. Ṣé ó dáa?

Bọ̀dá Hamburg: Rárá o! Ọkọ̀ ojú irin ibí ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Ní 9:50 ni kó o wọlé, má tètè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin BGB (ìwé òfin ìbára-ẹni-lò ti Jámánì), abala 670, ní ẹni tó pè ẹ́ ló ni owó ọkọ̀, àfi bó bá ti sọ ṣáájú pé òun ò ní san. Tún lẹ́tà wọn kà.

Mo ti kà á, wọn ò sọ nǹkan kan nípa owó ọkọ̀. Mò ń ra tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ ọjọ́ Ajé báyìí.