Ìròyìn ìkẹyìn lórí ṣúgà màmá mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tí ẹ gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mo ní ṣúgà màmá mi ní Mọ́kọ́lá kọ̀, kò wálẹ̀, ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Nọ́ọ̀sì kan ló yanjú ẹ̀, lórí WhatsApp. Láràárọ̀, kí Màmá tó jẹun, wọ́n á fi ohùn sọ iye tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà gbé jáde ránṣẹ́ sí i. Ojú wọn ò gbe títẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ló béèrè pé: "Màmá, ibo lẹ̀ ń kó ínsúlíìnì yín sí?" Ojú fèrèsé ni wọ́n ń kó oògùn ṣúgà tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ yìí sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ń pa á, tó ń bà á jẹ́! Àmàlà ni èmi ti ń bá wọn jà sí látọjọ́ yìí.

A ra òmíràn. Inú ìkòkò amọ̀ tó tutù ni ìgò tí a ti ṣí ń gbé báyìí, torí iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé. Tó bá pé ọjọ́ 28 tí a ti ṣí i, a ó jù ú nù, bó tilẹ̀ ṣẹ́kù.

Àárọ̀ òní, 118. Láàárín 80 sí 130 ni nọ́ọ̀sì ń fẹ́.

Àbùkù kan: kì í dáhùn lóru. Nítorí náà, tí ṣúgà Màmá bá já sísàlẹ̀ 70 lóru, ṣúgà lílá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, ká tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.